Sàréè Tí Mo Mọ Síwájú Ilé Mi

Irọ́ ni mo pa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán lónìí. Mi ò ní pè é ní àṣìṣe, mi ò ní tì í sí Èṣù lọ́rùn, mi ò sì ní ní kí ẹnikẹ́ni bá mi pín nínú rẹ̀. Orúkọ mi ni Salome. Alágbàfọ̀ ni mí ní Àgùdà, ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba fẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu bí ẹni tó bu omi gbígbóná mu, tí kò lè gbé e mì, tí ojú èèyàn kò sì jẹ́ kó tu ú dànù. Mo ti wá tu ú. Ara mi ti fúyẹ́ débi pé mo ń sùn lọ́sàn-án bí ọmọ ọwọ́. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn lọ́dọ̀ mi. Mi ò lọ ilé ìwé kankan. Ara ìwé ìròyìn tí mo fi ń di aṣọ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn, kó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Tí bàbá náà bá fẹ́ sọ fún yín pé òjò ń bọ̀, ẹ ó ti rin gbingbin kó tó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà náà, gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ kọ̀ ọ́, apá tèmi àti apá òdìkejì. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n tún gọ́tà ṣe kí omi yé wọ ilé wa, kí wọ́n sì fi ilé wa sílẹ̀ fún wa. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà la ti ń ṣe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ẹni tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni Haleemah. Haleemah ni aládùúgbò mi tí ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, inú ọgbà ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Tí a bá jí láàárọ̀, a máa ń juwọ́ síra wa lórí àwọn mọ́tò. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá sí ìpàdé wa, tó ní ọ̀nà náà ti há jù, Haleemah dìde. "Bọ̀dá," ó ní, "ilé wa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Kò sí ọjọ́ kan tó sáré bọ́ sí títì. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá wí." Ọkùnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn la fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá máa wó, kí wọ́n wó gbogbo wa. Bí wọ́n bá máa fi wá sílẹ̀, kí wọ́n fi gbogbo wa sílẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, a bu ọwọ́ lù ú. Ọwọ́ tèmi ló ṣe ìkẹta.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní òfin kan: kí aṣọ tó wọ omi, ọwọ́ á kọ́kọ́ wọ àpò. Mo ti rí eyín àtọwọ́dá nínú àpò rí, mo ti rí lẹ́tà àlè, mo sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Lára àwọn oníbàárà mi nígbà náà ni Victor, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fẹ ọ̀nà náà. Yaba ló ń gbé, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ Àgùdà ló ń ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́, ló bá kúkú sọ mí di alágbàfọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, mo fa ìwé kan yọ. Àwòrán ọ̀nà wa ni. Wọ́n ya ilé kọ̀ọ̀kan bí àpótí kékeré, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà gba àárín àwọn ilé apá tèmi. Ìlà náà gba yàrá tí mo ti ń lọ aṣọ, ó gba yàrá tí mo ń sùn sí, ó jáde lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ya àgbélébùú kékeré sórí ilé méjì ní apá tèmi yìí kan náà, nítorí pé àwọn ilé méjèèjì ní sàréè níwájú. Wọ́n wá fi pẹ́ńsù kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó yé mi. Ó ní bí sàréè bá pé mẹ́ta ní apá kan, tí apá kejì kò sì ní ẹyọ kan, kí wọ́n gbé ìlà lọ sí apá kejì, torí pé ẹjọ́ àwọn olókùú ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ó yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí gbogbo wa ń wá nìyẹn. Ká ní a mọ̀ pé òkú ń bà wọ́n lẹ́rù, à bá jọ fi í jà, apá méjèèjì. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí Victor wá gba aṣọ rẹ̀, mo ní, "Ìwé rẹ nìyí, mi ò jẹ́ kó wọ omi." Ó ní, "Ẹ ṣé o, Mọ́mì. Ọ̀gá mi ì bá pa mí." Mo ní kò tọ́pẹ́. Lóòótọ́ ni, kò tọ́pẹ́.

Ìyá mi, Lucy, ti kú tipẹ́, ilẹ̀ ìsìnkú ìlú ní Yaba la sin ín sí. Gbogbo Àgùdà ló mọ̀, torí pé mo ti máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Lọ́dọ̀ wa, ilé ọmọ ló yẹ kí òbí sùn sí. Ẹni tó bá wá ní ilẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ṣì wà níta, wọn kì í fọ̀rọ̀ náà bú u lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rò ó. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ìyá mi yọ sí mi lójú oorun, pé ó ní òtútù ń mú òun níta, kí n wá gbé òun wọlé. Ta ló fẹ́ bá ìyá èèyàn jiyàn lórí àlá? Mo ní mo ti lọ gbé egungun rẹ̀ wá. Mo pe Ṣàfíù, bíríkìlà kan láti Mushin. Mo sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura kan yí iwájú ilé mi ká, funfun báláú, bí ẹni pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún mi, òun sì ń mọ sàréè lọ lẹ́yìn aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìn-ín-ní ó bi mí, "Ìyá, òkú náà ńkọ́?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà máa mọ ọ́." Ó ní, "Mo kàn ń béèrè ni o, kí n lè mọ ibi tí orí máa wà àti ibi tí ẹsẹ̀ máa wà." Mo ní, "Fi orí síbi tó bá wù ọ́." Ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó máa sùn síbí ò ní rojọ́ ooru." Búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti yanrìn la kó sínú rẹ̀. A lẹ táìsì mọ́ ọn, a kọ orúkọ sí i: Lucy Àbẹ̀kẹ́, ìyá rere. Orúkọ ìyá tó bí mi ni mo fi ṣe ìdérí irọ́.

Nígbà tí mo ká aṣọ kúrò, àdúgbò wá kí mi. Wọ́n ní mo káre, pé ọmọ tó gbọ́n ni mí. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus sọ̀rọ̀ níwájú sàréè náà títí òógùn fi bò ó. Haleemah fún mi ní ìgò òróró ìpara kan, ó ní kí n fi para torí pé iṣẹ́ òkú gbígbé máa ń jẹ́ kí ara ro èèyàn. Ọmọ mi nìkan ni kò kí mi. Ọláníkẹ́ lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ìgbà tó ku èmi àti ẹ̀ nìkan ló ní, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ gbé Màmá wá tí ẹ ò pè mí?" Mo ní kó lọ jẹun. Ó jẹun, kò sì béèrè mọ́. Bí mo ṣe kọ́ ọmọ mi láti máa mójú kúrò nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kéde pé wọ́n ń bọ̀ wá ka sàréè láti ilé dé ilé. Ọmọ Haleemah sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlọrin, ó ní láti lọ. Ó sọdá títì wá bá mi, ó kó kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ wà nínú ọgbà rẹ̀, lábẹ́ igi dóńgóyárò. Òkú gidi ni o, èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan kan lé e lórí, bí àwọn Mùsùlùmí ilé wọn ṣe máa ń ṣe. Ilẹ̀ gbalasa ni, òkúta méjì péré ni wọ́n fi sàmì sí i. Haleemah ní, "Àǹtí mi, tiyín ní táìsì, tiwa ní koríko. Tí ẹ ò bá na ọwọ́ síbẹ̀ fún wọn, wọn ò lè mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn débẹ̀." Mo ní, "Máa lọ, mo gbọ́." Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ Bàbá mi mọ́lẹ̀ o, bàbá yẹn máa ń bínú." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, Victor àti ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni ẹgbẹ́ ní kó mú wọn káàkiri, torí pé èmi ni mo ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní ìpàdé. Nígbà tí a dé iwájú ilé mi, Victor wo sàréè, ó wò mí. "Mọ́mì, èyí ò sí níbí tẹ́lẹ̀." Mo sọ àlá náà fún un. Ọmọ náà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì," ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. A sọdá. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣí géètì Haleemah. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Victor wọlé, ó wo ọgbà yí ká. Ó nawọ́ sí igi dóńgóyárò, ó ní, "Kí ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?" Òkúta méjì náà wà níbẹ̀, mo rí wọn kedere. Mo ní, "Ibi tí wọ́n máa ń so àgbò iléyá mọ́ ni." Wọ́n ń so àgbò mọ́ igi náà lóòótọ́, ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tó fi burú jù nìyẹn, mo wá òótọ́ kékeré kan fi bo òótọ́ ńlá mọ́lẹ̀. Victor kọ òdo síwájú orúkọ ilé náà. Mo ti géètì pa.

Kí Haleemah tó ti Ìlọrin dé, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀ àti ti gbogbo apá òdìkejì. Ó wá bá mi. "Àǹtí, ṣé ẹ fi hàn wọ́n?" Mo ní, "Mo fi hàn wọ́n. Ìwọ náà mọ ìjọba." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú," ó dì mọ́ mi. Ẹgbẹ́ ṣì ń jà, a gbé pátákó, a lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá tèmi rí i pé ìlà ti kúrò lórí wa, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í sú wa. Ẹnì kan ní orí ń fọ́ òun, ẹnì kan ní òun ní àlejò. Èmi náà ní aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Ìwé tí a bu ọwọ́ lù di ìwé lásán, èmi ni mo sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni katapílà dé. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wó iwájú ilé mẹ́sàn-án ní apá òdìkejì. Ẹni tó ń wà á kò mọ ohunkóhun, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé òdo. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi eyín irin họ ilẹ̀ abẹ́ igi kó tó gbọ́ igbe Haleemah. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀ kalẹ̀, òun náà ń sunkún. Àwọn àbúrò Haleemah fi ọwọ́ kó ohun tó kù. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Haleemah wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ kó gún. Bàbá ò fẹ́ràn aṣọ tó rún." Mo lọ̀ ọ́. Èmi tí mo fi bàbá rẹ̀ pe àgbò, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ tí wọ́n máa fi dì í, mo ká a dáadáa, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún mi. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti wọ inú rẹ̀.

Ìkòròdù ni wọ́n gbé bàbá náà lọ. Ó jìnnà, eékún Haleemah kò sì dáa mọ́. Yàrá méjì lẹ́yìnkùlé ló ṣẹ́ kù fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, ó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe sórí ọ̀nà tuntun náà wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Àǹtí, mi ò ríbi jókòó sí kí n ṣe àdúà fún Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n máa jókòó ti Màmá níbí. Mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní lé mi, àbí?" Mo gbé àpótí ìjókòó jáde fún un. Láti ọjọ́ náà, Jímọ̀ kan kò yẹ̀. Á gun afárá, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á kí sàréè náà: "Ẹ kú ọ̀sán o, Màmá Lucy." Á jókòó tì í, á ṣe àdúà, á máa ròyìn àdúgbò fún un. Èmi á sì wà lójú fèrèsé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Mo jó aṣọ oníbàárà mẹ́rin ní ọdún yẹn, èmi tí mi ò jó ẹyọ kan rí.

Lọ́dún yìí, ìwé míì dé. Wọ́n fẹ́ ṣe ibùdókọ̀, wọ́n fẹ́ gba ìyókù apá òdìkejì, torí pé sàréè wà ní apá tèmi. Àkọsílẹ̀ ọjọ́sí náà ni wọ́n gbé jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ tí Haleemah ń sọ fún sìmẹ́ǹtì pé, "Màmá, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí wọ́n fi yàrá méjì yìí sílẹ̀ fún mi. Mi ò níbòmíì." Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo jáde síta. Mo ní, "Haleemah, dìde níbẹ̀." Ó ní, "Kí ló dé, ṣé mo ti pẹ́ jù ni?" Mo ní, "Kò sí èèyàn níbẹ̀." "Níbo?" "Nínú sàréè yẹn. Ìyá mi wà ní Yaba. Mi ò gbé e wá." Ó wo táìsì, ó wò mí. "Ta wá ni mo ń kí láti ọdún méjì?" Mo ní, "Búlọ́ọ̀kù fífọ́." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: ìwé inú àpò, àlá, Victor, géètì. Ó ń gbọ́. Ìgbà tí mo dé ibi igi dóńgóyárò ló gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. "Àgbò, Àǹtí?" Ó gbé búta àlùwàlá rẹ̀, ó gun afárá, mo ń wò ó títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo jẹ odidi abọ́ ìrẹsì kan. Ojú tì mí pé ara tù mí, ṣùgbọ́n ara tù mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún un kó má bàa bá a lójijì. Ó ní, "Arábìnrin Salome, òtítọ́ dà bí iná, a kì í gbé e wọ inú ilé tí a fi koríko kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n..." Mo ní, "Alága, ẹ jókòó." Mo dìde, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Haleemah, láìyọ ọ̀kan. Ariwo sọ. Ọ̀jẹ̀túndé, tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi, ní, "Ìyá yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n padà wá wó ilé wa ni?" Mo ní, "Tèmi ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀." Wọ́n bú mi, mo gbà á. Haleemah jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó dìde. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ pé kí n ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi gba ilẹ̀ wa. Kó jókòó, kó kọ òótọ́ náà sílẹ̀, kí lọ́yà gbé e lọ. Ká wò ó bóyá yóò gba yàrá méjì sílẹ̀." Ó wá wo apá tèmi nínú gbọ̀ngàn. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé orí ṣì ń fọ́ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín. A tún bu ọwọ́ lu ìwé mìíràn ní ọ̀sán yẹn, apá méjèèjì.

Ohun tí mo kọ nìyí. Victor kò mọ nǹkan kan, kí wọ́n má fi ìyà mi jẹ ẹ́. Ṣàfíù mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo ti fi òòlù fọ́ sàréè náà fúnra mi, lójú gbogbo èèyàn. Ọláníkẹ́ ló bá mi kó àfọ́kù rẹ̀. Ẹ̀yin ilé mẹ́sàn-án tí wọ́n wó iwájú yín, ẹ foríjì mí. Haleemah, bí o kò bá lè dárí jì mí láéláé, o ò jẹ mí ní ìdáríjì. Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka èyí, tí ẹ bá bu ọwọ́ lu ìwé pẹ̀lú aládùúgbò yín, tí ẹ wá rí ihò kan tí ẹ̀yin nìkan lè gbà jáde, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Mo gba ibẹ̀ jáde, mi ò gbádùn ilé tí mo bá níta.

Ìgbìmọ̀ ìjọba tí lọ́yà gbé ìwé náà lọ bá ti ní kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi tún ilé àti sàréè kà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n máa fa ìlà gbà. Ó lè gba orí bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn tó máa kà á ń bọ̀. Haleemah ló máa mú wọn káàkiri. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn láti ilé dé ilé, kí n má sọ ohunkóhun àfi tí òun bá bi mí. Mo ti wá bàtà tó rọ̀ fún ìrìn náà.